Ọ̀pá Má-fì

Pẹ́jò Bàbá mi fi ọdún mẹ́rìnlá dàgbà jù mí lọ.
Búlúù ni wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ rí; lónìí, kò sẹ́ni tó lè búra.

Lọ́dún tó kọjá la yọ sípíríǹgì rẹ̀ àtijọ́ níwájú,
a fi ti akẹ́rù Jàpáàn kan rọ́pò rẹ̀,
a rò pé gíga ni yóò gbà wá lọ́wọ́ kòtò.
Ó ga lóòótọ́. Ó sì rọ̀ bí àga onítìmùtìmù.
Ṣùgbọ́n ní kọ́nà ọ̀nà Ìlárá,
gbogbo ara rẹ̀ a dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri tí yóò fara tì.
Àgbàdo ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá Sàláwù di ewúrẹ́ rẹ̀ mú,
ó ní òun kì í ṣe ẹrù, kí a sọ òun kalẹ̀.

Orí bọ́ọ̀sì tó ti Àjàṣẹ́ dé ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀pá náà,
wọ́n fi àkísà ìró wé e bí òkú ejò.
Bàbá ní, "Irin títẹ̀ yìí?"
Fáníyì tó ń tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi ọdán lọ́nà Ìdènà kò dá a lóhùn.
Ó fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ìpẹtà kúrò, ó gbé ọ̀pá sókè síhà oòrùn,
ó di ojú kan, ó wò ó bí ẹni ń wá ojú abẹ́rẹ́.
Ó wí fún mi, torí ọwọ́ mi ni sípánà wà:
"Táyà ọ̀tún ò mọ ohun tó ń ṣe tòsì.
Kálukú ń fo tirẹ̀, kálukú ń ri tirẹ̀.
Bí ọ̀kan bá fẹ́ dìde jù, ọ̀pá yìí ni yóò gbé ìwúwo èkejì kọ́ ọ lọ́rùn."

Mo dákẹ́. Ọdún mẹ́ta nìyí
tí Bàbá àti àbúrò rẹ̀ ń gbé agbo ilé kan náà
tí wọ́n ń kí ògiri.

A wọ abẹ́ ọkọ̀. Erùpẹ̀ pupa wọ̀ wá lọ́rùn.
Ihò àkọ́kọ́ bá ọ̀pá mu. Èkejì fi ìwọ̀n àtàǹpàkò kan yẹ̀.
A yí sítíárìn, ọ̀pá gbá ilé epo ẹ́ńjìnnì, gbọ̀ọ̀.
Fáníyì bú ẹni tó tà á, ó bú ìyá irin, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ irin,
ó wá dojú ọ̀pá dé, ó sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di iwájú.
Ó gbà.

Mo fi òrí pa rọ́bà, torí gíríìsì a máa jẹ rọ́bà.
Mo ti ń fún nọ́ọ̀tì pa nígbà tó gbá mi lọ́wọ́:
"Ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe dìrọ̀dìrọ̀.
Ẹni tí ò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a kì í dì í ní àmùrè.
Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Jẹ́ kó mọ ìwúwo ara rẹ̀ ná."

Kò sí ẹrù tí a lè kó síwájú.
Bàbá jókòó sórí fẹ́ńdà ọ̀tún.
Bàbá Kékeré ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko,
Fáníyì ké sí i pé kó wá jókòó sí tòsì,
láìmọ ohun tó wà láàárín wọn;
tàbí ó mọ̀. N kò bi í.
Wọ́n kẹ̀yìn síra. Èmi wà nísàlẹ̀ wọn,
mo ń fún nọ́ọ̀tì, mo ń gbọ́ bí sípíríǹgì ṣe ń mí.
Bàbá sún ìdí; ìhà òsì mì.
Ó pẹ́.
"Èló lẹ rà á?"
"Ẹgbàafà."
"Wọ́n rẹ́ yín jẹ."
"Mo mọ̀."
Bàbá Kékeré sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ìdí ṣòkòtò, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní kọ́nà Ìlárá, ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó rántí, ó dúró.
Ìyá Sàláwù ò fi ewúrẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀.
Ohun kan ń dún kó-kó-kó níhà òsì.
Fáníyì ti sọ tẹ́lẹ̀: ẹ padà wá lẹ́yìn àádọ́ta kìlómítà
kí a tún un fún; irin a máa gbàgbé.